Ẹyẹ Ìwò: Sinimá Kan àti Ẹjọ́ Ọ̀dàlẹ̀ ní Ilẹ̀ Faransé

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1943, nígbà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì ti gba ìlú Paris, sinimá kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Le Corbeau, èyíinì ni Ẹyẹ Ìwò. Henri-Georges Clouzot ni ó darí rẹ̀. Òun àti Louis Chavance ni wọ́n sì jọ kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Sinimá náà kò sọ̀rọ̀ ogun, kò sì dárúkọ Jámánì. Síbẹ̀, díẹ̀ ni sinimá ìgbà ogun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé tó o.

Gbòǹgbò ìtàn náà jinlẹ̀ ju ogun lọ. Láti ọdún 1917 títí di ọdún 1922, lẹ́tà àìlórúkọ ń já lu àwọn ará ìlú Tulle bí òjò. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ mọ ẹni tí ń ṣe àgbèrè àti ẹni tí ń fẹ́ ipò ẹlòmíràn. Ohun tí kò mọ̀, ó ń hun ún. Nígbà tí ọ̀ràn náà dójú ẹ̀, a ránṣẹ́ sí Edmond Locard ní Lyon, ògbóǹtagí nínú ìwádìí ìwà ọ̀daràn. Ohun tí Locard ṣe kò ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ: ó pe apèkọ. Ó mọ̀ pé ẹni tí ń yí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ padà kò lè máa yí i padà títí tí àárẹ̀ yóò fi mú un. Bí àṣírí Angèle Laval ṣe tú nìyẹn, obìnrin tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú náà. Ìyá rẹ̀ kú sínú omi kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́. Ìyà tí adájọ́ fi jẹ òun fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Chavance mú ọ̀ràn yìí, ó sọ ọ́ di ìtàn, ó sì ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ní ọdún 1937. Kí òǹkàwé fi ọdún yìí sọ́kàn.

Nínú sinimá náà, ìlú kékeré kan wà. Lẹ́tà tí a fi orúkọ Ẹyẹ Ìwò sí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà Germain, tí Pierre Fresnay ṣe: ó ń bá Laura ìyàwó Vorzet dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣẹ́ oyún fún àwọn obìnrin. Láìpẹ́ kò sí ilé tí lẹ́tà kò wọ̀. Ọ̀kan já bọ́ láti ara ọkọ̀ òkú lójú ọ̀nà ìsìnkú. Òmíràn fò wálẹ̀ láti òkè ilé ìjọsìn nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Ní ilé ìwòsàn, aláìsàn kan tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà rí lẹ́tà gbà tí ó sọ fún un pé kò sí ìwòsàn fún un mọ́. Ó mú abẹ, ó gé ara rẹ̀ lọ́fun. Àwọn ará ìlú di ẹ̀bi náà ru nọ́ọ̀sì kan, Marie Corbin, wọ́n sì hó lé e lórí káàkiri ìgboro. Ta ni kò mọ irú ariwo bẹ́ẹ̀? Kì í béèrè ẹ̀rí. Wọ́n tì í mọ́lé, lẹ́tà kò sì dáwọ́ dúró.

Vorzet, àgbà oníṣègùn ọpọlọ, ni ó kó gbogbo afurasí jọ sí yàrá ìkàwé, tí ó ń pe apèkọ fún wọn láti inú àwọn lẹ́tà náà. Ní òru ọjọ́ náà ó ti gílóòbù iná tí ó so rọ̀ lókè, iná náà ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún, ó sì béèrè lọ́wọ́ Germain pé níbo ni ìmọ́lẹ̀ parí sí, níbo ni òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀. Germain na ọwọ́ láti dá a dúró. Iná jó o. Ìgbà tí ìtàn ń lọ sópin ni a tó mọ̀ pé Vorzet fúnra rẹ̀ ni Ẹyẹ Ìwò. Laura ìyàwó rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kíkọ, ọkọ sì gbà á ṣe. Ó wá sọ pé orí ìyàwó òun dàrú, wọ́n sì gbé obìnrin náà lọ. Nígbà tí Germain padà dé, ó bá Vorzet lórí tábìlì rẹ̀, ọ̀fun gígé, lẹ́tà ìkẹyìn níwájú rẹ̀. Ìyá aláìsàn ọjọ́ kìíní ti gbẹ̀san pẹ̀lú abẹ ọmọ rẹ̀. Ó ń lọ ní títì nínú aṣọ dúdú, kò sì sẹ́ni tí ó dá a dúró.

Ní ọdún 1943, ìtàn yìí kan eegun. Àkókò náà ni aládùúgbò ń kọ̀wé àìlórúkọ sí ọlọ́pàá àti sí àwọn ará Jámánì nípa aládùúgbò rẹ̀: ẹni yìí jẹ́ Júù, ẹni yìí ń gbọ́ rédíò Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó wo sinimá náà tí kò rántí lẹ́tà wọ̀nyí kò sí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó sanwó rẹ̀? Ilé-iṣẹ́ Continental ni, tí àwọn ará Jámánì dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1940 lábẹ́ Alfred Greven. Clouzot sì ti jẹ́ olórí àwọn tí ń kọ ìtàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fọ̀ nù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ìwé ìròyìn tí àwọn tí ń bá Jámánì jà ń tẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kọlù ú pé ó fi àbùkù kan orílẹ̀-èdè níwájú ọ̀tá. Àwọn Kátólíìkì náà ti kọ̀ ọ́, nítorí ìwà inú rẹ̀. Wọ́n tún ní Jámánì ń fi í hàn ní ìlú wọn láti fi ṣe ẹ̀sín Faransé. Ẹ̀rí èyí kò jáde.

Nígbà tí Faransé gba òmìnira ní ọdún 1944, wọ́n fi òfin de sinimá náà, wọ́n ti Fresnay mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan, wọ́n sì ní Clouzot kò gbọdọ̀ darí sinimá mọ́ títí ayé. Jean-Paul Sartre àti Jean Cocteau wà lára àwọn tí ó gbèjà rẹ̀.

Èdè Yorùbá la ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. A kì í pe ènìyàn ní ọ̀dàlẹ̀ láìsí pé ó ti bá ẹnìkan mulẹ̀. Vorzet ti bá àwọn aláìsàn rẹ̀ mulẹ̀. Ó dà wọ́n. Clouzot jẹ nínú àwo ọ̀tá, òótọ́ ni, ó sì yẹ kí ó dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹ̀sùn oúnjẹ tí ó jẹ. Ìtàn tí a ti fi sílẹ̀ ní ọdún 1937 kò lè jẹ́ ohun tí Jámánì rán ẹnikẹ́ni ṣe ní ọdún 1943; bẹ́ẹ̀ ni sinimá tí ó mú kí ojú ti ẹni tí ń kọ lẹ́tà àìlórúkọ kò ṣe àwọn tí ń gba lẹ́tà náà ní àǹfààní. Àwọn tí wọ́n dá a lẹ́jọ́ kò pe apèkọ. Wọ́n ṣe é bí ìlú ti ṣe Marie Corbin.

Wọ́n dín ìyà náà kù. Ní ọdún 1947 a gba Clouzot láàyè láti ṣiṣẹ́, ó sì ṣe Quai des Orfèvres, èyí tí ó fún un ní ẹ̀bùn olùdarí ní Venice lọ́dún náà. Ní Tulle, àwọn ènìyàn ní ohun mìíràn tí wọ́n ń rántí: ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun SS so ọkùnrin 99 kọ́ sára òpó iná àti iwájú ilé ní ìgboro ìlú náà.