Ta Ló Kúnlẹ̀ Nínú Ère Yìí?

Nílùú Òyìnbó, bí ayàwòrán bá fi pẹ́ńsù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ya obìnrin tó gbé apó ọfà kọ́ èjìká, tí oṣù tuntun wà níwájú orí rẹ̀, kíá ni àwọn tó mọ̀ yóò sọ pé Diana nìyẹn, òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Lójú tiwọn, ẹni tí a yà gan-an ni òrìṣà náà.

Ojú yìí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo ère ilẹ̀ wa, ibẹ̀ la sì ti ń ṣì í. Ẹ jẹ́ ká dé Ìlobùú. Erinlẹ̀ ni òrìṣà ńlá ibẹ̀. Ọdẹ lòun náà. Ìtàn ní ó wọlẹ̀, ó di odò. Ṣùgbọ́n lójúbọ rẹ̀, àwo ọta lẹ máa bá: ìkòkò amọ̀ tí omi odò àti òkúta odò wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn olórìṣà ti ń bá a sọ̀rọ̀. Obìnrin tí agbẹ́gilére gbẹ́, tó kúnlẹ̀, tó gbé igbá dání, kì í sábà ṣe òrìṣà rárá. Ẹni tó wá bọ òrìṣà ni: ó wá tọrọ ọmọ, tàbí ó wá dúpẹ́.

Ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tó múlé ti Ìlobùú, Òrìṣà Olúfọ́n ńkọ́? Ẹfun àti aṣọ àlà la fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú mú orúkọ rẹ̀ dé Brazil. Oxalufã ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, funfun náà ni wọ́n sì ń wọ̀ fún un.

Susanne Wenger mọ ojú méjèèjì. Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915, ó sì kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Vienna. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo, níbi tó kú sí ní 2009. Kò jókòó ti àwòrán nìkan: ó lọ sọ́dọ̀ Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá l'Ẹ́dẹ, ó sì di olórìṣà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Ẹni tó gbà pé igi ni bàbá wa ń bọ ló ń dáná sun ère, tàbí kó tà á fún oníṣòwò. Bí ère bá wá dókè òkun, wọ́n á kọ “òrìṣà” sábẹ́ ìyá tó kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìyá ọlọ́mọ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá tún rí ère, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé òrìṣà wo nìyí. Ẹ béèrè pé ta ló kúnlẹ̀, kí ló sì wá tọrọ?