Igi tí ó Wà Lábẹ́ Rọ́bà

Gbẹ́nàgbẹ́nà Òkè-Ògùn mọ̀ pé igi kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Emi, igi ọ̀dàn Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, dára fún odó, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún báàtì tẹníìsì orí tábìlì. Igi igbó kìjikìji ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ báàtì: arère fífúyẹ́ ní àárín, afara lójú.

Ní 1952, Hiroji Satoh, ará Japan, fi fóòmù bo báàtì rẹ̀, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Bombay. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yin rọ́bà, tí wọ́n gbàgbé igi. Bẹ́ẹ̀ òfin eré náà ni pé igi gidi kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 85 nínú 100 ìnípọn pátákó báàtì.

Ọ̀yọ́, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni a ti bí Quadri Aruna, tí ó dé ìpele ẹni mẹ́jọ ní ìdíje àgbáyé 2021. Ayous ni àwọn oníṣẹ́ Yúróòpù ń pe arère. Mo ti yẹ báàtì púpọ̀ wò, n kò tí ì rí èyí tí a kọ orúkọ tiwa sí lára.