Ímeèlì ẹni tó ń wáṣẹ́: ọwọ́ ta ló yẹ kó wà?

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń wáṣẹ́ yóò gbé fáìlì sábíyá, yóò sì máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, dá Jobberman sílẹ̀ lọ́dún 2009, ó túbọ̀ rọrùn fún èèyàn láti wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìkúrò nílé.

Àmọ́ ẹ̀rọ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá ara rẹ̀. Lọ́dún 2014, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ Ímígíréṣọ̀n ti forúkọ sílẹ̀, 1,000 náírà sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Síbẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ 15, oṣù kẹta, inú pápá ìṣeré ni wọ́n kó wọn jọ sí fún ìdánwò, àwọn kan sì kú nínú ìwọ́lura náà.

Èyí tó wà níkàáwọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ kò pọ̀, ìyẹn gan-an ni kò sì yẹ kó sọ nù. Ọ̀pọ̀ ni òṣìṣẹ́ káfé bá ṣí ímeèlì, tó tún bá wọn yan páásíwọ́ọ̀dù, tí wọn kò sì bi í léèrè mọ́. Bí wọ́n bá pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ta ni yóò rí i? Èèyàn lè ní kí wọ́n bá òun tẹ ìwé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni kó yan páásíwọ́ọ̀dù, kó sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí i. Kó má ṣe pa líìnì náà tì, nítorí iléeṣẹ́ fóònù lè gbà á padà, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn.