Fábùnmí ti Òkèmẹ̀sí: Láti Ojú Ogun dé Ìgbìmọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a kọ nípa ogun Kírìjì, Látòósà ti Ìbàdàn àti Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ni ó gba ojú ewé. Fábùnmí, ọmọ ọba Òkèmẹ̀sí, kì í ju ẹni tí ó tanná ran igbó lọ: ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tán síbẹ̀. Idà rẹ̀ ni àwọn òpìtàn rí, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wo ọgbọ́n ìṣèlú rẹ̀.

Nípasẹ̀ ajẹ́lẹ̀ ni Ìbàdàn fi ń di àwọn ìlú Èkìtì mú. Ajẹ́lẹ̀ a máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa jẹun lórí ará ìlú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ìwọ̀sí tí a fi kan ìyàwó Fábùnmí ni ó fa ìjà náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìbínú ọkùnrin kan nìkan ni, Òkèmẹ̀sí nìkan ni ìbá jìyà rẹ̀. Iṣẹ́ tí a rán sí àwọn ìlú yòókù ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ilẹ̀: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde, wọ́n sì pa àwọn ajẹ́lẹ̀ tiwọn pẹ̀lú.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà kò dára. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1878, ní Ìkìrun, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìlá, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn Èkìtì tí Fábùnmí kó lọ. Ogun Jálumi ni a ń pè é, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó bá odò lọ bí wọ́n ti ń sá.

Ibi tí ó yẹ kí a ti wo Fábùnmí dáadáa nìyí. Ògèdèǹgbé, tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ Ìbàdàn fúnra wọn, kò tètè gbà láti wá. Nígbà tí ó dé, ọmọ Òkèmẹ̀sí fi ipò olórí sílẹ̀ fún ọmọ Iléṣà, ó sì dúró sí abẹ́ rẹ̀ nínú ogun kan náà tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Jagunjagun tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní ọ̀rúndún náà. Ìjà ipò ni ó tú ibùdó mìíràn ká. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ibùdó, wọ́n sì ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ní orúkọ Èkìtìparapọ̀.

Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Ní ọdún kejì ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn; Ajerò ti Ìjerò wà lára àwọn ọba tí a dárúkọ níbẹ̀. Èkìtì gba òmìnira, ṣùgbọ́n Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn síbẹ̀. Ọdún 1893 ni ibùdó tó tú. Ní 1894 àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Ògèdèǹgbé. Ó padà sílé, ó sì jẹ Ọbańlá ní Iléṣà. Fábùnmí ní tirẹ̀ jọba ní ìlú rẹ̀.

Ní 1900, nígbà tí aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó àwọn ọba Èkìtì jọ sí ìgbìmọ̀ kan, Òkèmẹ̀sí ni ó pè wọ́n sí. Orúkọ tí a fún ìgbìmọ̀ náà ni Èkìtìparapọ̀.