Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Ní Ìbọn Lọ́wọ́?

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ ìbọn ni a fẹ́ bá yín sọ. Ọdẹ àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ ìwé kíkà tí mo ń bójú tó. Ní ọjọ́ kan, ó wá sí kíláàsì, ojú rẹ̀ fà ro. Wọ́n ti gba ìbọn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a kọ sínú ìwé náà ti kọjá. Inú àpò ọdẹ rẹ̀ ni ó ń gbé ìwé náà sí, kò sì sí ẹni tó kà á fún un. Ó bi mí pé: "Ọmọ mi, ìbọn tí baba mi fi sílẹ̀ fún mi, ta ló fún wọn láṣẹ láti gbà á?"

N kò rí èsì fún baba lọ́jọ́ náà. Mo lọ wádìí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

Ìbọn àti òwò ẹrú

Àwọn baba ńlá wa kò fi ìbọn bẹ̀rẹ̀ ayé. Ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà ni wọ́n fi ń ṣọdẹ, òun náà ni wọ́n fi ń jagun. Àwọn òyìnbó ni ó kó ìbọn wá sí etí òkun, sí Wídà àti àwọn èbúté mìíràn. Wọn kò fi tọrẹ. Ènìyàn ni wọ́n ń fi ìbọn rà. Ọba tó bá ní ìbọn a lọ kó ẹrú. Bí ó bá ta ẹrú tán, a tún ra ìbọn sí i. Ìlú tí kò bá ní ìbọn, wọn a kó o. Nítorí náà, ìbẹ̀rù mú kí olúkúlùkù máa wá ìbọn.

Kétu mọ ìyà yìí. Odi àti yàrà yí ìlú náà ká, Àkàbà Ìdènà sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, ní ọdún 1886, ní ayé Glèlè ọba Dàhọ̀mì, ogun dó ti Kétu fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fọ́ ìlú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó kù tó padà wá tún Kétu ṣe.

Òfin ọdún 1890

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1890, àwọn aṣojú ìjọba 17 fọwọ́ sí ìwé òfin kan ní ìlú Bruxelles, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n ní ìbọn ni ó ń mú kí kíkó ẹrú àti ogun abẹ́lé máa pọ̀ sí i ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Yúróòpù náà ni ó ti ń ta ìbọn ọ̀hún láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ọba ilẹ̀ wa kan tó jókòó níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí òfin náà wí. Ó ní kí a má ta ìbọn tuntun fún àwọn ará ilẹ̀ wa mọ́. Ìbọn ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán nìkan ni a lè tà ní ibi tí a bá ti yọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọdẹ mọ ìyàtọ̀ náà. Ẹnu ṣakabùlà ni a ti ń da ẹ̀tù sí i, kí a tó kì í, kí a tó fi ọta sí i. Bí a bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n ìbọn tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń ki ọta tí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀. Ó ń yára, ó sì ń lọ jìnnà. Òfin náà fi ṣakabùlà sílẹ̀ fún wa. Àwọn ọmọ ogun òyìnbó sì di ìbọn tuntun mú.

Ọba Gbẹ̀hánzìn kò gbà. Ó ra ìbọn tuntun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Wídà. Síbẹ̀, ní ọdún 1892, Dodds, ọ̀gágun Faransé, wọ Àgbómẹ̀. Ní ọdún 1894, Gbẹ̀hánzìn fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, àwọn Faransé ní kí ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn gba ìwé àṣẹ. Ní Kọdifuá, láàárín ọdún 1908 sí 1915, wọ́n gba ìbọn tó ju 100,000 lọ lọ́wọ́ ará ìlú. Ní ọdún 1914, àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà nítòsí Pọ́bẹ̀ dìde sí ìjọba Faransé. Ohun ìjà ọwọ́ wọn kò lè dá ti ọmọ ogun Faransé dúró. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní: bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà

Ṣé kí a wá ní kí olúkúlùkù máa gbé ìbọn kiri ni? Ẹ jẹ́ kí a rántí òwe mìíràn: ìbọn ní àpátí, kò ní àpátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Ogun Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1989, ti Sàró ní ọdún 1991. Àwọn ọmọdé pàápàá gbé ìbọn. Ní Mali, nígbà tí ìjà parí, wọ́n kó nǹkan bí ìbọn 3,000 jọ sí Tìmbúkútù, wọ́n sì dáná sun wọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1996.

Ní ọdún 2006, ní Àbújá, àwọn ìjọba CEDEAO ṣe ìwé àdéhùn lórí ìbọn. Ó ní kí ará ìlú má ní ohun ìjà ogun rárá. Ní ti ìbọn kékeré, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ ti dàgbà tó, kí ó má jẹ́ ọ̀daràn, kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ fi ìbọn ṣe, kí ó sì ní ibi ààbò tí yóò máa fi í pamọ́ sí. A sì gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí sínú ìwé.

Ẹ wo ìyàtọ̀ méjèèjì. Ní ọdún 1890, àlejò ni ó jókòó tí ó ṣòfin fún wa. Ní ọdún 2006, àwọn ìjọba tiwa ni. Ṣùgbọ́n òfin tiwa náà lè di àjàgà. Bí owó ìwé àṣẹ bá ju agbára àgbẹ̀ lọ, bí a bá gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ tí a kò fún un ní ìwé ẹ̀rí, tí olè sì ń gbé tirẹ̀ kiri, òfin náà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, ìwé àṣẹ dára, bí gbogbo ènìyàn bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Èsì tí mo fún baba ọdẹ nìyí: "Baba, ìbọn yín ni. Ṣùgbọ́n ọta tó bá jáde nínú rẹ̀ kì í ṣe tiyín nìkan mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi ní ọ̀rọ̀ sọ sí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí a ṣe ń ka ọjọ́, oṣù àti ọdún. Nígbà tí wọ́n gba ìwé tuntun, àwọn fúnra wọn ni wọ́n kà á sókè fún wa.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìwé kíkà

1. Kí ni òfin ọdún 1890 gbà láàyè, kí ni ó sì kọ̀?
2. Ta ni ó jókòó ṣe òfin náà? Ta ni kò sí níbẹ̀?
3. Bí ẹ bá ní ìwé àṣẹ nílé, ọjọ́ wo ni a kọ sínú rẹ̀? Ẹ mú un wá, kí a jọ kà á.