Sputnik Kọ́ Ló Bí Mọ́dàǹ Máàtì

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn léèrè ibi tí mọ́dàǹ máàtì, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò nígbà kan, ti wá, ìtàn kan náà ni wọn yóò sọ: Rọ́ṣíà ju sátẹ́láìtì Sputnik sójú òfuurufú lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá, 1957, jìnnìjìnnì bo Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá da ìṣirò àtijọ́ nù. Ìtàn náà dùn. Àmọ́ ọmọ yìí dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá rẹ̀ lọ.

Láti 1951 ni Yunifásítì Illinois ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Max Beberman, torí pé ìṣirò táwọn ọmọ ń kó wá láti girama kò tó fún ẹ̀kọ́ ẹnjiníà. Iléèwé girama tó jẹ́ ti yunifásítì náà, ní Urbana, ni Beberman ti dán ìwé rẹ̀ wò. Ó fẹ́ kí ọmọ mọ ìdí tí òfin ìṣirò fi rí bó ṣe rí, kó má kàn há a sórí. Ní 1956, Àjọ Carnegie ti ń fowó ràn án lọ́wọ́. Sputnik ò tíì gbéra nílẹ̀.

Ẹ wo bí nǹkan ọ̀hún ṣe rí. Dípò kí ọmọ máa kó nǹkan jọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n á ní kó dì í ní márùn-ún-márùn-ún. Ọsàn mẹ́jọ á di ìdì kan àti ẹyọ mẹ́ta, wọ́n á sì kọ ọ́ ní 13. Orí òbí dàrú. (Ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ àgbà ń ka nǹkan ní ogún-ogún ì bá má mikàn.)

Kí wá ni Sputnik ṣe? Owó ló mú wá, àti ìkánjú. Ní 1958, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin tó tú owó sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Lọ́dún kan náà, Edward Begle, onímọ̀ ìṣirò, bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun ní Yunifásítì Yale. Ohun tí Beberman ń rọra dán wò wá ya lu iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tíṣà tí ọ̀pọ̀ wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi máa di 1964, Beberman fúnra rẹ̀ ti ń kìlọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà ti ń bà jẹ́ níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀bi ìkánjú ni wọ́n dì ru èrò náà.

Èrò yìí dé Entebbe, ní Uganda, ní 1962, níbi táwọn olùkọ́ Áfíríkà àtàwọn òyìnbó ti jọ kọ ìwé tó dé iléèwé wa ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní 1977, níbi ìpàdé kan ní ìlú Benin, ìjọba àpapọ̀ fòfin de mọ́dàǹ máàtì. Orúkọ nìkan ni òfin yẹn rí mú. Sẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ ara ohun tí mọ́dàǹ máàtì kó wá, ṣì wà nínú ìwé ìṣirò girama títí dòní, pẹ̀lú àwòrán róbótó-róbótó tó wọnú ara wọn.