Òfin Ilé Kíkọ́: Ta Ni Wọ́n Kọ Ọ́ Fún?

Kí òyìnbó tó dé, òfin ilé kíkọ́ ti wà nílẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé. Ẹni tó ń fi amọ̀ mọ ilé mọ̀ pé ìpele ògiri kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òun tó gbé òmíràn lé e. Bó bá kánjú, ògiri á wó lójú gbogbo àdúgbò. Kò sẹ́ni tó nílò lọ́yà kó tó lóye ìyẹn.

Ìjọba amúnisìn ló gbé òfin sínú ìwé. Lọ́dún 1863, wọ́n ṣe òfin àtúnṣe ìlú fún Èkó. Nígbà tí àrùn tí eku ń kó ran èèyàn bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1924, ó bí àjọ LEDB lọ́dún 1928. Láti 1955, àjọ yìí wó ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó àwọn kan lára àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ṣé ó wá yani lẹ́nu pé ohun tó ń wólé ẹni ni ọ̀pọ̀ wa ka òfin ilé sí, dípò ohun tó ń mú un dúró?

Ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ṣe òfin ilé kíkọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 2006 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọdún 19 gbáko! Bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lọ́dún 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Nítorí náà, àfi kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Ìwé wà, agbára kò tíì sí.

Àmọ́ ilé ò dúró dè wá. Ní oṣù Kẹta 2019, ilé kan tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, ó pa àwọn ọmọdé. Ní oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, èèyàn tó kú lé ní 40.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: bíríkìlà ló ń po sìmẹ́ńtì, gẹ̀ẹ́sì àwọn amòfin ni wọ́n sì fi kọ òfin náà. A fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n kọ èyí tó kan bíríkìlà sínú ìwé pẹlẹbẹ, pẹ̀lú àwòrán, ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti pijin: iye iyanrìn sí àpò sìmẹ́ńtì kan, iye ọjọ́ tí búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ fi gbẹ. Rírọrùn láti kà yàtọ̀ sí rírọrùn láti rú o. Kò gbọdọ̀ dín irin kan kù.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tó ń mọ ọ́n ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ fún.